Ọmọ tí ẹ ní ohùn rẹ̀ ń ba orin jẹ́

Tíṣà kan kọ̀wé sí mi láti abúlé kan nítòsí Ìkọ̀lé-Èkìtì. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ìwé kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Táàmù yìí ni wọ́n fa CCA (Cultural and Creative Arts) lé mi lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí bóyá mo mọ orin. Ìṣirò ni mo kà. Ọmọ 43 ló wà ní kíláàsì mi. Kò sí dùùrù, kò sí fèrè. Ìlù tó wà, ti báńdì ni, ọ́fíìsì ọ̀gá ló ń gbé. Ọ̀gá ní kí n kọ dò-re-mí sójú bọ́ọ̀dù kí àwọn ọmọ há a sórí kí ìdánwò tó dé. Nígbà tí a bá sì ń kọrin, ọmọ mẹ́rin wà tí ohùn wọn máa ń ba orin jẹ́. Ṣé kí n ní kí àwọn yẹn kàn máa pàtẹ́wọ́ ni? Níbo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Tíṣà, ẹ kú làálàá o. Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro tó bí ẹ ṣe rò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ló dá mi dúró. N óò dé ibẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ní kí ọmọ kankan pàtẹ́wọ́ nìkan.

Pé ẹ ò kọ́ orin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. CCA kó orin, ijó, eré ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹni tí wọ́n bá sì fà á lé lọ́wọ́ á máa kọ́ èyí tó bá mọ̀ nínú wọn. Ẹni tó mọ àwòrán yà á máa ya àwòrán títí táàmù á fi parí. Orin á wá di ohun tí wọ́n ń dà kọ sínú ìwé: orin ni ìró tó dùn mọ́ etí, oríṣi ìlù mẹ́rin ni wọ̀nyí. Ọmọ á há a, á gba máàkì, kò sì ní kọ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ṣé a lè fi bọ́ọ̀dù kọ́ ọmọ Èkìtì ní iyán gígún?

Etí lẹ ó kọ́kọ́ mú, ojú á wá lẹ́yìn. Etí yẹn náà kò sì ṣófo nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ gbé ọkọ́ wá, kò ní lọ wá ọkọ̀ lọ sí gáréèjì. Ó ti ń fi gíga àti sísàlẹ̀ ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó mọ ABD. Ọmọ tí èdè ìyá rẹ̀ kò ní irú èyí kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ báyìí. Tiyín ti mú un bọ̀ láti ilé.

Eré tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ pa ètè dé, kí ẹ fi imú pe orúkọ nǹkan kan tó wà nínú kíláàsì, láìla ẹnu rárá: m̀-ḿ. Ìwé ni. M̀-m̀: bàtà. Ḿ-m̀-m̀: tábìlì. Kí wọ́n sọ ohun tí ẹ pè. Lẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún, kí ẹ jókòó, kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa jáde wá pè é. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan jáde, ó fi imú pe m-ḿ. Ẹnìkan ní "ilé!" Òmíràn ní "adé!" Ẹ̀kẹta ní "ajá!" Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn pátápátá ní "ọtí!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ní gbogbo wọn ló kùnà, ó ní "ulé" lòun pè. Ni gbogbo wọn bá dìde: ṣé ilé náà kọ́? Ó ní rárá, ti ilé-ìwé ni ilé, ulé ni ibi tí àwọn ń gbé. Ìyẹn gba ìdajì píríọ́dù, n kò sì dá wọn lẹ́kun, torí pé láàárín ariwo yẹn ni wọ́n ti rí i fúnra wọn pé ìlà ohùn kan lè gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin, márùn-ún. Ohun tí onígángan ń fi ọwọ́ ṣe nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí kì í fi pe ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, tó jẹ́ pé gbólóhùn gígùn ló máa ń lù kó lè yé ẹni tó ń gbọ́.

Ọ̀fìn kan wà níbí o. Dò-re-mí tí a fi ń kọ́ àmì ohùn Yorùbá àti dò-re-mí inú orin, orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀. Ti èdè, mẹ́ta péré ni, àlàfo àárín wọn kò sì ní ìwọ̀n: mí ìyá arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lè wà nísàlẹ̀ dò ọmọdé tó ń sunkún, a ó sì gbọ́ àwọn méjèèjì yé. Ti orin, méje ni kí a tó padà bá dò mìíràn lókè, àlàfo àárín wọn kò gbọdọ̀ yẹ̀, mí kọ́ ló sì ga jù. Mo ti rí ọmọ ìwé karùn-ún tó bá mi jiyàn dé ojú ikú pé sọ kò lè ga ju mí lọ, torí tíṣà Yorùbá ti ní mí ni ohùn òkè. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ ń kọ́ wọn ní Yorùbá, ẹ máa pe ti èdè ní ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹ fi dò-re-mí sílẹ̀ fún orin.

Ní ti ìlù, ẹ fi ti báńdì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Ẹ bi wọ́n ta ló ti gún iyán rí. Ọwọ́ á pọ̀. Ẹ bi wọ́n pé bí èèyàn mẹ́ta bá dúró ti odó kan, báwo ni wọn kì í ṣe kọlu ara wọn? Wọ́n á ṣe é fún yín lójú ẹsẹ̀ láìsí odó: ọmọ odó kan wà nínú odó, ọ̀kan ń bọ̀ nílẹ̀, ọ̀kan ń gòkè. Ẹ wá pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìlà kìíní lu itan, ìlà kejì lu àyà, ìlà kẹta pàtẹ́wọ́, wọ́n á tẹ̀ lé ara wọn láìdúró: kì, kì, kì, kì, kì, kì. Ìlà tó bá kánjú, ẹ ní ọmọ odó wọn ti fọ́ ọmọ odó ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tí ẹ máa ṣàlàyé àkókò orin fún lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ìyẹn bá ti dúró dáadáa, bóyá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀yin tí ẹ ka Ìṣirò ló kàn. Ẹ kà láti 1 dé 12, ẹ má dúró kí ẹ tó padà sí 1. Ẹ lu agogo, tàbí kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lu ìgò, sórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ẹ tún un lù títí iye yẹn á fi kúrò lọ́kàn yín tí ìró nìkan á kù: kọ́ń, kọ́ń, kó-lo, kọ́ń, kó-lo. "Kó-lo" àkọ́kọ́ súnmọ́ra, èkejì fà díẹ̀. Èyí kì í ṣe àjèjì. Ìlù agogo tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ni, àwọn ọmọ yín sì ti jó sí i níbi òkú àgbà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kàn ò kà á fún wọn rí ni. Kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sórí 1, 4, 7 àti 10 bí ọwọ́ ṣe ń lu agogo lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń pàdé. Ibi méjì péré ni, 1 àti 10. Ọmọ tó bá rí i fúnra rẹ̀ á fò sókè. Ó máa ń gba kíláàsì mi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe é láìtàsé. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ ṣe é nílé o, ọmọdé kì í dárí ji tíṣà tó bá tàsé.

Ohùn tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ orin wá kù. Ibẹ̀ ni tíṣà ọkùnrin ti ń fi ara rẹ̀ sínú wàhálà láìmọ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin orílẹ̀-èdè lórí ìlà láàárọ̀, láti ìgbà tí ìjọba ti dá ti àtijọ́ padà ní 2024. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ lanu ló ń mú ohùn. Bí ó bá mú un sísàlẹ̀ jù, àwọn kékeré á máa kùn bí oyin. Bí ó bá mú un sókè jù, iṣan ọrùn á yọ, orin á di ariwo. Ohùn àwọn ìwé kìíní dé ìkẹta máa ń rọrùn láàárín D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C àárín dùùrù àti A tó tẹ̀ lé e lókè. Àwọn ìwé kẹrin lọ sókè lè gbé e láti C àárín yẹn dé C tàbí D tó tẹ̀ lé e. Áàpù dùùrù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù tó lè fún yín ní ohùn yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kùn ún, kí ẹ ti fóònù bọ àpò.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni yín. Bí ẹ bá kọ ọ́ bó ṣe tẹ́ yín lọ́rùn, dò yín á wà ní odidi ohùn mẹ́jọ sísàlẹ̀ dò tiwọn. Àwọn kan á mọ̀ pé dò kan náà ni, wọ́n á gbé e sókè bó ṣe yẹ. Àwọn kan á gbìyànjú láti bá yín nísàlẹ̀ níbi tí ẹ wà, ibi tí ohùn ọmọdé kò dé, ohun tó bá sì jáde kò ní jọ orin. Ẹ wo àwọn mẹ́rin yín bóyá ẹnìkan nínú wọn jẹ́ irú èyí. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ wá ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ dá ṣáká, kí ó máa lé orin, kí ẹ̀yin wà lára àwọn tó ń gbè é. Bí ẹ bá lè fi ohùn tín-ín-rín kọ ọ́ bí obìnrin láìtijú, ìyẹn náà dára. Wọ́n á rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo wá dé ibi ọ̀rọ̀ mi. Mo ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí rí.

Ní ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni nígbà tí wọ́n ṣì ń pè mí ní Àǹtí, a ń múra sílẹ̀ fún Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 May. Ọmọkùnrin ìwé karùn-ún kan wà tí ohùn rẹ̀ kì í bá ti àwọn yòókù mu. Mo bá a wí, kò yí padà. Mo ní kí ó máa la ẹnu lásán, kí ó má mú ohùn jáde. Ó gbà. Ó la ẹnu lásán fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò sì ronú kàn án mọ́.

Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ yà láti oko, igi ìdáná ṣì wà lórí rẹ̀. Kò bínú. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó wá ní, "Àǹtí, ọmọ mi ní ẹ ní òun ò mọ orin. Òun ló sì ń gbè mí nílé." Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ní kí n pe ọmọ náà wá. Obìnrin yìí wà lára àwọn tó ń ṣe alámọ̀ ládùúgbò, ẹ̀yin náà mọ bí àwọn obìnrin wa ṣe ń ṣe é níbi ìnáwó. Ó mú ẹnu lé orin lójú mi, ọmọ gbè é. Ohùn ọmọ náà kò sí níbi tí ti ìyá rẹ̀ wà. Ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Bí ìyá bá dúró sórí sọ, ọmọ á wà lórí mí. Bí ìyá bá bọ́ sórí mí, ọmọ á bọ́ sórí dò. Bí ìyá bá gun fà, re ni ẹ ó ti bá ọmọ. Wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀, bí èèyàn méjì tó gbé pákó kan lórí.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe nínú kíláàsì mi láti ọjọ́ yìí ni. Ó ń gbọ́ orin tí a ń kọ, ó sì ń fi ohùn kejì sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé rẹ̀. Etí tèmi ló ṣìnà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí mo ti kọ́ orin, ohùn kan ni gbogbo ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ, ohùn kejì kò sí àfi èyí tí a bá tẹ̀ sínú ìwé.

Àwọn onímọ̀ orin ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́: níhà Ọ̀yọ́, ohùn kan náà ni gbogbo elégbè máa ń kọ, níhà Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ohùn méjì tó ń rìn pọ̀ ni, àlàfo bíi ti dò sí mí láàárín wọn. Mo ti ka èyí nínú ìwé kí n tó mọ ọmọ yẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo yege. N kò ronú pé ó lè wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún nínú kíláàsì tèmi.

Ó sì bá èdè wa mu ju ohun tí a ń gbé wá láti inú ìwé orin lọ. Bí ohùn méjèèjì bá jọ ń gòkè tí wọ́n jọ ń sọ̀, ọkọ́ á ṣì jẹ́ ọkọ́ lẹ́nu ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀. Nínú orin ohùn mẹ́rin ti àwọn òyìnbó, ẹwà rẹ̀ ni pé kí ohùn kan máa sọ̀ nígbà tí òmíràn ń gòkè. Fún èdè wọn, kò sí ìpalára. Tiwa ńkọ́? Ẹni òkè á ní ọkọ́, ẹni ìsàlẹ̀ á ní ọkọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ èyí tí ìjọ ń tọrọ. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, gbé ìwé jáde ní 1953 lórí bí ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ohùn orin ṣe gbọ́dọ̀ bá ara wọn lọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló ti rí ìṣòro náà. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìwé kẹrin ní orin ohùn méjì, ẹ má wá ìwé orin kankan. Ẹ wá orin lílé àti gbígbè tí wọ́n ti mọ̀, orin inú àlọ́ tàbí ti eré òṣùpá, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kọ ọ́ ní ohùn kan títí ó fi wọ̀ wọ́n lára, kí ẹ wá bèèrè ta ni ìyá àgbà rẹ̀ ń fi ohùn mìíràn gbè é. Ẹ ó rí i. Ẹ kó àwọn yẹn jọ sí apá kan, kí ẹ má sì kọ́ wọn ní nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kàn gbọ́ wọn.

Ọ̀gá yín àti bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ má bá a jà, ìdánwò ló ń lé òun náà. Dò-re-mí kò burú. Mọ́ǹkì ará Ítálì kan, Guido ti Arezzo, ló ti fi ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin ìsìn kan sọ àwọn ohùn lórúkọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní ọ̀rúndún 19, Sarah Glover, lẹ́yìn rẹ̀ John Curwen, tún un ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí mẹ̀kúnnù lè ka orin láìmọ ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ orin sí, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó burú ni kí ọmọ kọ d r m f s l t d sínú ìwé bí ẹni kọ ABD, láìgbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sọ àti mí nìkan. Ẹ fi pe orúkọ wọn nígbà tí ẹ bá ń pe rẹ́jísítà, kí wọ́n fi sọ-mí dá yín lóhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi là kún un. Lẹ́yìn náà re àti dò. Márùn-ún yìí, d r m s l, ti tó fún ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa. Ẹ fi fà àti tì sílẹ̀ di táàmù tó ń bọ̀. Curwen fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní àmì ọwọ́ tirẹ̀, ẹ lè rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì ọwọ́ yẹn ló dára jù fún kíláàsì tó ní ọmọ 43, torí gbogbo ojú á wà lára yín, ẹ ó sì rí ẹni tó ń wo ẹnu ẹnìkejì rẹ̀ kó tó kọ. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá wọlé, ẹ kọ d r m f s l t d sójú bọ́ọ̀dù fún un. Kí gbogbo wọn rí ohun tí wọ́n fẹ́.

Ohun èlò kò yẹ kó dà yín láàmú. Akèrègbè àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Agolo wàrà tí ẹ rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó di wàhálà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìgò onígíláàsì mẹ́rin tí omi inú wọn kò dọ́gba. Ẹ fi igi kékeré lù wọ́n: èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ ni ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò kan náà: èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ ló wá ga jù. Ẹ má sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn lé e. Nígbà tí ẹ bá ń lù ú, ìgò àti omi ló ń gbọ̀n, ẹrù rẹ̀ wúwo. Nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, atẹ́gùn inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n, àyè rẹ̀ sì ti kéré. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ní ti kíbọ́ọ̀dù, bí olóore kan bá fún ilé-ìwé yín ní ọ̀kan, ẹ dúpẹ́. Gbogbo èyí tí mo ti rí ni wọ́n fi aṣọ bò lórí kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá. N kò sì fẹ́ràn báńdì bí àwọn òbí ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò mọ ìlù, ọgọ́rùn-ún méjì á máa wòran, ẹgba á sì wà lára ẹ̀kọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá bójú tó báńdì, ẹ ní ẹ ń ṣe CCA.

Ẹnìkan nínú àwọn òbí á bi yín bóyá alágbe lẹ fẹ́ fi ọmọ òun ṣe. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á ní ìlù jẹ́ ti òrìṣà. Ìyẹn, ẹ má bá a jiyàn: orin eré, orin àlọ́ àti orin iṣẹ́ pọ̀ débi pé ẹ ò ní fọwọ́ kan orin ètùtù ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà kíláàsì ẹ̀gbẹ́ yín tó máa fẹjọ́ ariwo sùn ló le jù. Ẹ lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, ẹ má fi dídùn ohùn ṣe é. Ṣé ó di ìlù mú láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tì í? Ṣé ó mọ ìgbà tí ègbè kàn án? Bí ẹ bá kọ ìlà kan, ṣé ó lè dá a padà? Ìwọ̀nyí ni mo fi ń fún wọn.

Àwọn mẹ́rin yẹn wá. Ẹ má pè wọ́n jáde níwájú kíláàsì. Ní àkókò ìsinmi, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà kúkúrú kan ní ohùn tó rọrùn fún ọmọdé, kí ọmọ náà kọ ọ́ tẹ̀ lé yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gbà á sórí fóònù. Bí ohùn rẹ̀ bá ha, ẹ béèrè bóyá ó ń kiri ọjà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹni tó ń pariwo "Ẹ ra ẹ̀kọ gbígbóná" láti aago mẹ́rin dé mẹ́jọ kò ní ohùn lọ́jọ́ kejì, ìsinmi àti omi ló nílò. Bí ó bá ń ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ sọ, tí ó ń yí etí kan síwájú, kí ilé rẹ̀ mú un lọ sí ọsibítù kí wọ́n wo etí náà. Ọyún etí kì í ṣe ohun tí a ń fi àdí wò. Bí ohùn rẹ̀ bá ń rìn gbéregbère, tí ibi tó wà lẹ́ẹ̀kìíní yàtọ̀ sí ibi tó wà lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì rí ohùn náà ni. Ẹ̀yin lẹ ó lọ bá a níbi tó wà. Ẹ kọ ohùn tó mú jáde, kí ó gbọ́ bí méjì ṣe ń di ọ̀kan, kí ẹ wá jọ gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn á ti rí i kí wọ́n tó kúrò ní ìwé kẹrin.

Èyí tó kù, ẹ gbọ́ ọ lálẹ́ nígbà tí adúgbò bá ti dákẹ́. Ẹ fi ìlà tiyín sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní àlàfo kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń gòkè bí ẹ ti ń gòkè, ẹ bi í lọ́jọ́ kejì ta ló ń gbè nílé.